Ta Lẹ Ń Wá?

Adìẹ kan, àpò ìwé méjì, àtùpà tí gíláàsì rẹ̀ ti sán:
ohun tí mo rí kó bọ̀ láti Ìdí-Apá nìyẹn
lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún.
Ọdún méjì péré ni wọ́n pè é nígbà tí mò ń lọ.

Awakọ̀ já mi sílẹ̀ ní Òjé.
Ó ní mọ́tò òun kò lè wọ àdúgbò wa mọ́,
àgbàrá ti jẹ títì.
Mo gbé apẹ̀rẹ̀ adìẹ rù,
mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé
bí a ti í ṣe lábà:
ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú ìdúró o, ẹ kú ọjà o.
Ọ̀dọ́kùnrin kan yọ okùn kúrò létí, ó wò mí títí.
"Bàbá, ṣé owó ọkọ̀ ni?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé inú.

Lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa,
igi ìyeyè tí mo gùn tí mo fi ya ṣòkòtò Iléyá
kò sí mọ́.
Ẹnìkan ń ta káàdì fóònù níbi tí òjìji rẹ̀ máa ń sùn sí.
Ọmọdé kan jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń mu ọsàn,
kò dìde.
"Ta lẹ ń wá?"

Ta ni mò ń wá?
Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lápò mi.
Orúkọ bàbá mi ń bẹ lára ògiri,
ìwọ̀nba èyí tí ọ̀dà kò tíì bò.
Mo ní, "Jìnádù ni mò ń wá."
Ó tu kóró ọsàn sílẹ̀.
"Kò sí níbí. Oko ló wà.
Ìyá mi ní kò ní í wálé mọ́."

Èmi ni Jìnádù.

Ní Ìdí-Apá mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì
ya òpó Mápó sára pátákó,
mo máa ń sọ fáwọn ọmọ pé ẹ̀yìn ibẹ̀ nilé mi.
Táwákàlítù nawọ́:
"Tíṣà, ìgbà wo lẹ máa lọ?"
Mo ní ìparí sáà.
Ọmọ náà kàwé tán, ó lọ́kọ,
ó mú àkọ́bí tirẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.
Ìparí sáà náà ni mo tún wí.

Ikọ́ mi ni ẹ̀gbọ́n mi Mórínátù fi dá mi mọ̀.
Ó pariwo, ó gbá mi mú, ó sọkún,
ó ní mo ti dú bí ìdí ìkòkò.
Wọ́n fún mi lómi inú ọ̀rá:
ó tutù nini,
kò ní òórùn ewé kankan nínú.

Lóru, mo dúró de òkùnkùn. Kò wá.
Jẹnẹrétọ̀ ilé yìí ń bá tilé kejì jiyàn.
Lábà, bí àparò bá ké, mo mọ aago tó lù.
Níbí, gbohùngbohùn ló ń jí àkùkọ.
Lábà, ará Ìbàdàn ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kúrò.
Ọjọ́ kejì tí mo délé,
ìyàwó onílé iwájú ti ń pè mí ní Bàbá Oko.
Mo sì ń dáhùn.

Ọjọ́ kẹta, adìẹ já okùn.
Mo wá a títí dé ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀,
mo ti gbà pé inú ìkòkò ẹnìkan ló wà.
Abẹ́ àtẹ̀gùn la ti rí i,
nínú bàtà ọmọ ọlọ́sàn, ẹsẹ̀ òsì,
ó ti yé.
Ọmọ náà mú ẹyin náà dání, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ó ní, "Bàbá, ẹyin oko nìyí àbí ẹyin ilé?"

Mo jókòó tì í.
Mo ṣì ń rò ó.